Ṣíbí Fàdákà Inú Àpótí Ìyá Mi

 Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kọ́ wa bí a ṣe ń fi ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì jẹun, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí a ṣe ń fọ ṣíbí fàdákà. Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ tèmi ná. Nígbà tí ìyá mi kú, ṣíbí mẹ́fà ló kàn mí, wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Ní ẹ̀yìnkùlé wa n'Ísọlọ̀, mo fi eérú àti kànìnkànìn ha wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Àṣé mo ti ha àmì kìnnìún kékeré ẹ̀yìn ọwọ́ wọn dànù lára mẹ́rin!

Kìnnìún yẹn lẹ̀rí. Láti 1544 ni wọ́n ti ń lù ú sára fàdákà tí wọ́n bá yẹ̀ wò ní London. Ìpín 925 nínú 1,000 rẹ̀ ni fàdákà. Bàbà ló sábà máa ń jẹ́ ìyókù, torí fàdákà lásán rọ̀ jù. Èyí tí wọ́n bá kọ EPNS sí lára yàtọ̀. Elkington ti Birmingham ló gba ìwé àṣẹ ní 1840 láti fi iná mànàmáná da fàdákà bo irin mìíràn. Ẹ ha ìyẹn púpọ̀, irin abẹ́ rẹ̀ á yọjú.

Ṣebí owó tí àwọn bàbá wa ná pàápàá jẹ́ fàdákà rí. Ṣílè tí ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1913, 925 kan náà ni. Lẹ́yìn ogun, fàdákà wọ́n gógó, ni wọ́n bá fi irin yẹpẹrẹ rọ́pò rẹ̀ láti 1920. Àwọn alágbẹ̀dẹ a máa yọ́ owó fàdákà ṣe òrùka. Iṣẹ́ yìí lókìkí ní Bídà, ìlú àwọn Tápà (ará Òṣòdì, ẹ má gbàgbé pé Tápà ni ẹni tí àdúgbò wa ń jẹ́ orúkọ rẹ̀).

Imí-ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ ló ń sọ fàdákà di dúdú. Ó wà nínú ẹyin, ó wà nínú rọ́bà. Èmi náà ló fi rọ́bà dì wọ́n bí owó! Dúdú yẹn, fàdákà ni nínú. Ẹni tó bá ń ha á, fàdákà ló ń ha dànù.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí rèé. Mo tẹ́ fóìlì sínú abọ́ tánganran, mo to ṣíbí lé e kí wọ́n kan fóìlì náà, mo bu baking soda sí i, mo da omi gbígbóná lé e. Ó lè rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ẹ má bẹ̀rù, imí-ọjọ́ ló ń kúrò lára fàdákà, fàdákà yẹn á sì dúró síbẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ṣàn wọ́n, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù wọ́n gbẹ. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi oje lẹ ọwọ́ rẹ̀, ẹ má rì í sómi gbígbóná o, yóò tú ni. Iyọ̀ kò sì gbọdọ̀ sùn mọ́ wọn lára, ó ń dá ihò sí i. Kódà, èyí tí a ń fi jẹun lójoojúmọ́ kì í tètè dúdú bí èyí tí a tì mọ́ àpótí.

Méjì tó ṣẹ́kù ṣì ní kìnnìún tiwọn. Mò ń mú wọn bọ̀ nípàdé. Ẹ̀yin náà ẹ yẹ ẹ̀yìn tiyín wò, ẹ mú un wá ká jọ wò ó.