Ìnṣọ́ránsì Awakọ̀ Tí Kò Ní Ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ìpínlẹ̀ lè ní kí ẹni tí kò ní ọkọ̀ kankan lọ ra ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ kí wọ́n tó dá ìwé-àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ padà fún un. Ìnṣọ́ránsì tó wà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní non-owner. Ara awakọ̀ ló so mọ́, kò so mọ́ ọkọ̀ kan pàtó. Bí ẹni tó rà á bá yá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàbí tó háyà ọkọ̀, tó sì ṣe ẹlòmíràn léṣe tàbí tó ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́, ìnṣọ́ránsì yìí ló ń bá a san owó fún ẹni tó fara gbá. Kò ní san kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ tó ń wà, kò sì ní san owó ìwòsàn awakọ̀ náà àyàfi tó bá fi owó kún un.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni àwọn awakọ̀ tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò kà sí eléwu: ẹni tí wọ́n mú pé ó mutí wakọ̀, ẹni tí ọlọ́pàá ká mọ́ ibi tó ti ń wakọ̀ láìní ìnṣọ́ránsì, ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ ojú pópó ti pọ̀ jù lórúkọ rẹ̀, ẹni tó ṣèjàǹbá tí kò rí owó san fún ẹni tó ṣe léṣe. Kò yani lẹ́nu pé púpọ̀ nínú wọn kò ní ọkọ̀ mọ́. Ọkọ̀ ẹlòmíràn ti rún nínú ìjàǹbá náà gan-an, báǹkì ti wá gba ti ẹlòmíràn, ẹlòmíràn sì ti ta tirẹ̀ láti fi sanwó lọ́yà. Ohun tí wọn kì í sábà mọ̀ ni pé àìní ọkọ̀ kò mú ọ̀ranyàn ìnṣọ́ránsì tí ìjọba béèrè kúrò lọ́rùn wọn.

Ibi tí òfin náà ti wá

Ní 1925 ni ìpínlẹ̀ méjì ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀nà wọn kò sì jọra. Massachusetts ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ kọ́kọ́ ní ìnṣọ́ránsì lọ́wọ́. Òfin yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1927. Connecticut kò fipá mú gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá ti ṣèjàǹbá ni wọ́n ní kó wá fi hàn pé òun lágbára láti sanwó bí òmíràn bá tún ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà Connecticut ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ tọ̀. Ó di 1956 kí New York tó ṣe irú òfin Massachusetts, North Carolina sì tẹ̀ lé e ní 1957. Lónìí, ìnṣọ́ránsì ti di dandan ní gbogbo ìpínlẹ̀ àfi bíi New Hampshire, ṣùgbọ́n èrò Connecticut kò kú. Òun ló wà nídìí ìwé tí wọ́n ń pè ní SR-22, tí New Hampshire pàápàá máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó bá ti rú òfin.

Agbára tí ìjọba ní lórí ìwé-àṣẹ ènìyàn ní ààlà, ilé-ẹjọ́ ló sì fi ààlà náà lélẹ̀. Nínú ẹjọ́ Bell v. Burson, ọmọdébìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan gun kẹ̀kẹ́ kọlu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ àlùfáà ìjọ kan ní Georgia. Àlùfáà náà kò ní ìnṣọ́ránsì, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń gbé e kiri agbègbè ìgbèríko mẹ́ta. Àwọn òbí ọmọ náà béèrè 5,000 dọ́là, ìpínlẹ̀ sì ní àwọn yóò gba ìwé-àṣẹ rẹ̀ bí kò bá rí owó náà fi lélẹ̀, láìbéèrè bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ní 1971, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kò tọ́: ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bi já lé e lórí. Lọ́dún yẹn kan náà, nínú ẹjọ́ Perez v. Campbell, ilé-ẹjọ́ náà sọ pé Arizona kò lè torí gbèsè ìjàǹbá gbẹ́sẹ̀ lé ìwé-àṣẹ ẹni tí òfin ti fagi lé gbèsè náà fún nígbà tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tí wọ́n bá gba ìwé-àṣẹ rẹ̀ mọ̀ nípa ẹjọ́ méjèèjì, nítorí ẹ̀tọ́ láti sọ tẹnu ẹni wà kí ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì tó délẹ̀ rárá.

Ìwé SR-22

SR-22 kì í ṣe ìnṣọ́ránsì. Ẹ̀rí ni, tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀ pé lágbájá ní ìnṣọ́ránsì tó tó iye tí òfin sọ. Ó lè jẹ́ ti ẹni tó ni ọkọ̀, ó lè jẹ́ ti awakọ̀ lásán, ó sì lè jẹ́ ti méjèèjì pọ̀. Ti awakọ̀ lásán ni ẹni tí kò ní ọkọ̀ ń gbà. Owó fífi ìwé náà ránṣẹ́ kò pọ̀, ó sábà máa ń wà láàárín dọ́là 15 sí 50. Owó ìnṣọ́ránsì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń wúwo, torí pé ẹ̀ṣẹ̀ tó mú kí wọ́n béèrè ìwé náà ti wà nínú àkọsílẹ̀.

Florida àti Virginia ní ìwé mìíràn, FR-44, tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi pé wọ́n mutí wakọ̀. Ó le ju SR-22 lọ. Ní Florida, ìnṣọ́ránsì ẹni tó gba FR-44 gbọ́dọ̀ lè san tó 100,000 dọ́là fún ẹnì kan tó fara pa, 300,000 fún gbogbo àwọn tó fara pa nínú ìjàǹbá kan, àti 50,000 fún dúkìá. New York àti Pennsylvania kì í lo SR-22 rárá, ṣùgbọ́n ẹni tí ìpínlẹ̀ mìíràn ti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè torí pé ó kó lọ síbẹ̀ gbàgbé rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó fi sílẹ̀ ṣì ń retí ìwé náà.

Ọdún mẹ́ta ni California sábà máa ń béèrè SR-22 fún. Texas ń béèrè ọdún méjì láti ọjọ́ tí wọ́n dá ènìyàn lẹ́bi. Láàárín àkókò yìí, ìnṣọ́ránsì náà kò gbọ́dọ̀ já. Bí owó oṣù kan bá bọ́, tí ilé-iṣẹ́ náà sì fagi lé e, wọn yóò fi ìwé SR-26 ránṣẹ́ sí ìjọba, ìwé-àṣẹ yóò sì tún lọ. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, kíka ọdún yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tó bá lè san owó oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà kí ó san án, bí ó tilẹ̀ ní láti yá lára owó náà.

Ohun tí kò bò

Ibí ni ìyà ti ń jẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìnṣọ́ránsì non-owner kì í bo ọkọ̀ tí awakọ̀ náà ń rí lò déédéé, kì í sì í bo ọkọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan. Láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston tàbí Maryland, kò ṣàjèjì kí àbúrò máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, kí tọkọtaya àti ọmọ tó ti dàgbà máa lo ọkọ̀ méjì láàárín ara wọn. Bí àbúrò bá lọ ra non-owner, tó ń fi ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ọjọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ni yóò mọ̀ pé ìwé náà kò bo òun. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìnṣọ́ránsì ẹ̀gbọ́n. Bí ìyẹn bá mú owó ẹ̀gbọ́n ga jù, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lè gbà láti yọ àbúrò kúrò pátápátá nínú ìwé. Láti ọjọ́ yẹn, àbúrò kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà mọ́. Ó le láti sọ fún ọmọ ìyá ẹni, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀gbọ́n lè bá a lọ bí wọn kò bá sọ ọ́.

Iṣẹ́ Uber àti gbígbé oúnjẹ kiri náà kò sí lábẹ́ non-owner.

Ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ tí ènìyàn yá ló sábà máa ń kọ́kọ́ sanwó, non-owner á wá san èyí tó bá kù. Ká sọ pé ní Texas, níbi tí òfin ti ní kí ìnṣọ́ránsì lè san ó kéré tán 25,000 dọ́là fún dúkìá, awakọ̀ kan fi ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ba ohun tó tó 40,000 dọ́là jẹ́. Ti ọ̀rẹ́ yóò san 25,000, ti awakọ̀ yóò sì san 15,000 tó kù. Láìsí èkejì, àpò awakọ̀ ni 15,000 yẹn yóò ti jáde.

Ẹni tó ti Nàìjíríà dé lè má tètè lóye ìdí tí wọ́n fi ń ra ìnṣọ́ránsì láìní ọkọ̀. Nílé, nọ́ńbà ọkọ̀ ni ìnṣọ́ránsì third party so mọ́. Ti ọkọ̀ àdáni, tó gòkè láti 5,000 náírà sí 15,000 ní oṣù kìíní 2023, ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń san án.

Wíwá a

Orí fóònù ni ó dára jù láti gbà wá a, nítorí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í ta non-owner lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n tilẹ̀ ń tà á. Progressive ti ń bá àwọn awakọ̀ tí wọ́n kà sí eléwu ṣòwò láti 1956. Dairyland àti The General náà wà nínú iṣẹ́ yẹn. Éjẹ́ǹtì tó ń ṣojú ilé-iṣẹ́ púpọ̀ lè wádìí iye owó lọ́dọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Èyí ṣe pàtàkì, torí pé ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ kan fi ń wọn ẹ̀ṣẹ̀ ọtí kọ́ ni èkejì ń lò, iye owó wọn sì lè jìnnà síra gan-an. Kí ènìyàn sọ òtítọ́ nípa ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Wọn yóò rí i, irọ́ sì lè mú kí wọ́n fagi lé ìwé náà lẹ́yìn tí ìjọba ti gbà á. Kí ó sì béèrè kí ó tó sanwó bóyá wọ́n ń fi SR-22 ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ rẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é. California, Massachusetts àti Hawaii kò gbà kí wọ́n fi bí ènìyàn ṣe ń san gbèsè báǹkì dá iye owó ìnṣọ́ránsì rẹ̀. Níbòmíràn, ó lè gbé owó náà ga bí ẹ̀ṣẹ̀ ojú pópó ṣe ń gbé e ga.

Bí gbogbo ilé-iṣẹ́ bá kọ̀ ọ́, ètò wà tí òfin fi mú kí wọ́n pín àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbà láàárín ara wọn: TAIPA ní Texas, CAARP ní California. Maryland ní ilé-iṣẹ́ tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ fún un, Maryland Auto. Owó ibẹ̀ kì í sábà kéré, ṣùgbọ́n ìwé tí ìjọba ń béèrè yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ní California, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025, iye tó kéré jù tí ìnṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ lè san ti di 30,000 dọ́là fún ẹnì kan tó fara pa, 60,000 fún ìjàǹbá kan àti 15,000 fún dúkìá. Ṣáájú ìgbà yẹn, 15,000, 30,000 àti 5,000 ni, iye tó ti wà láti 1967. Kí ẹni tó ń wádìí owó níbẹ̀ má fi iye tí ọ̀rẹ́ kan san ṣáájú ìgbà yẹn ṣe òṣùwọ̀n.

Bí ẹni tó ní non-owner bá ra ọkọ̀ kí àkókò SR-22 tó pé, ìwé awakọ̀ lásán kò tó mọ́, kò sì ní bo ọkọ̀ tuntun náà. Ó ní láti pe ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó rà á kí wọ́n fi ìwé ẹni tó ni ọkọ̀ ránṣẹ́. Bí ó bá sì fẹ́ lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí ti tuntun kọ́kọ́ dé ọwọ́ ìjọba kí ó tó fagi lé ti àtijọ́.