Àwo Tuntun Ti Dé, Ta Ló Ni Ín?

Àpótí kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi tí ọmọdé kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn nínú ilé wa. Ẹ̀yin náà lè máa rò ó pé owó ló wà níbẹ̀, tàbí oògùn. Káséètì ni o. Lẹ́yìn tí bàbá jáde láyé tí a ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń wo ilẹ̀, wọ́n ń wo aṣọ, èmi ní kí wọ́n gbé àpótí yẹn fún mi, kò sì sẹ́ni tó bá mi du ú. Káséètì mọ́kàndínlógójì ni mo kà níbẹ̀. Báírò ni bàbá fi kọ nǹkan sára ọ̀kọ̀ọ̀kan: ÌKÓMỌ. ÌṢÍLÉ. ÒKÚ ÀGBÀ. Ọ̀NÀ ÈKÓ. Ọ̀kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé OWÓ nìkan ni wọ́n kọ sí i. Bí a bá fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, orí ọ̀rọ̀ owó náà ni gbogbo orin inú rẹ̀ dá lé, àpàlà kan, jùjú kan, fújì kan, títí tí téèpù á fi tán.

Àwọn ọmọ mi rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Dádì, playlist ni Bàbá àgbà ń ṣe nígbà náà lọ́hùn-ún!" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn náà ń to orin ìfẹ́ sọ́tọ̀ lórí fóònù wọn, orin ìkẹ́kọ̀ọ́ sọ́tọ̀, orin àárọ̀ kùtù sọ́tọ̀. Wọ́n sì ń ka ọjọ́ tí olórin tí wọ́n fẹ́ràn máa gbé tuntun jáde, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ olórin tí kò sí lábẹ́ kọ́ńpìnnì ńlá kankan. Báírò àti káséètì ni bàbá mi fi ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń yọ mí lẹ́nu nípa àpótí yìí. Orúkọ olórin kan ṣoṣo kò sí lára gbogbo káséètì náà. Bàbá mọ ọjọ́ tí orin kọ̀ọ̀kan wúlò fún, ẹni tó ni orin ni wọn kò kọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni orin yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé àwọn olórin wa ti jà lórí rẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìdí ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1922 ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, wà ní London, tí ilé-iṣẹ́ Zonophone sì gba orin rẹ̀ mẹ́tàlélógójì sílẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ní 1936, Túndé King, ọmọ Èkó, kọ orin jùjú sínú àwo fún Parlophone. Òyìnbó ló ni ẹ̀rọ, òyìnbó ló ni orúkọ tó wà lára àwo, òkè òkun ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń gbé e padà wá bá wa. Ojú kan àwo ìgbà yẹn kì í ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Olórin á lọ, á kọrin, wọ́n á sábà ka owó lé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó parí. Bí àwo náà bá tà títí dé Kánò, tí wọ́n ń fi í ṣe aríyá ní Àkúrẹ́, ìyẹn ò kàn án mọ́. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò tiwa náà, bí Jofabro àti Badejo ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo jáde. Èyí dára, ṣùgbọ́n oníṣòwò ni oníṣòwò ń jẹ́. Olórin ṣì ni alágbàṣe.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ni Haruna Ìṣọ̀lá, bàbá alápàlà, ará Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1948, ó fi ki Orímolúṣì, ọba ìlú náà. Kò tà. Nígbà tí ọba wàjà, Haruna tún orin náà kọ ní 1955, ìyẹn ló wá gbé orúkọ rẹ̀ jáde. (Ẹ wo ọ̀rọ̀ ayé! Ọba wà láàyè, a ò ra àwo rẹ̀. Ọba wàjà tán, gbogbo wa ń wá a kiri.) Láti ìgbà náà lọ ni àwọn èèyàn ti ń retí rẹ̀.

Ìrètí yẹn ni àwọn àgbà kì í sọ tán. Kò sí ẹni tó ń kéde ọjọ́ kan pàtó. Òde ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ gbúròó. Olórin á dán orin tuntun wò níbi ìnáwó, á wo bí ẹsẹ̀ ṣe ń jó sí i, ẹni tó wà níbẹ̀ á gbé ìròyìn náà délé pé lágbájá ní nǹkan lọ́wọ́ o. Lẹ́yìn náà, ní àárọ̀ ọjọ́ kan ṣáá, ẹni tó ń ta àwo á gbé gbohùngbohùn síwájú ṣọ́ọ̀bù, orin tẹ́nì kan ò gbọ́ rí á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àwọn èrò á dúró lójú ọ̀nà, ẹni tó ń lọ sí ọjà á gbàgbé ọjà. Ní òpin àwọn ọdún 1960, Sunny Adé ṣì kéré nígbà tó fi àwo kan ki ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores lórí ife Challenge Cup. Ẹni tí kò bìkítà fún jùjú rárá ra àwo yẹn nítorí bọ́ọ̀lù. Nígbà tó sì di àwọn ọdún 1980, tí Síkírù Àyìndé Barrister àti Kollington Àyìnlá jọ ń fìjà pẹẹ́ta nínú fújì, bí àwo tọ̀hún bá ti jáde, ìbéèrè kan ló kù nílùú: kí ni èkejì máa fi dá a lóhùn? Àwọn èèyàn ń retí àwo bí ẹni ń retí ìdájọ́.

Kọ́ńpìnnì mọ̀ pé ìrètí yìí, owó ni. Àwọn olórin náà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n.

Ní 1969, Haruna Ìṣọ̀lá àti I. K. Dáíró pawọ́ pọ̀, wọ́n dá Star Records sílẹ̀. Ẹ ro ọ̀rọ̀ àwọn méjì yìí wò dáadáa. Mùsùlùmí ni ọ̀kan, Aládùúrà ni èkejì. Àpàlà ni tọ̀hún ń kọ, kò lo jìtá. Jùjú ni ti Dáíró, òun ló fi àkọ́díọ̀nù sí i tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, òun náà sì ni Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè M.B.E. dá lọ́lá ní 1963. Ohun méjì tí kì í pàdé lójú agbo kan náà ni wọ́n, àfi lórí ọ̀rọ̀ pé ta ló ni àwo. Wọ́n máa ń sọ pé Star yìí ni ilé-iṣẹ́ àwo àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà tó jẹ́ pé àwọn olórin fúnra wọn ló ni ín.

Kí ni wọ́n wá ní gan-an? Bébà róbótó tó wà láàárín àwo ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Orúkọ ẹni tó bá wà lórí bébà yẹn ló ń pinnu orin tí wọ́n máa kọ, òun ló ń sanwó títẹ̀, òun ni owó ọjà ń padà wá bá. Gbèsè náà sì ń bá a bí àwo bá kùtà sí ṣọ́ọ̀bù. Olórin tó bá ṣe èyí ti fi oorun sílẹ̀ nìyẹn.

Ní 1974 ló kan Sunny Adé. Abẹ́ African Songs, ilé-iṣẹ́ Olóyè Bọ́láńrìnwá Abióró, ló ti ń kọrin bọ̀. Ọ̀rọ̀ owó àti àdéhùn dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wọn títí ó fi dé kóòtù, ó sì jáde kúrò níbẹ̀, ó dá Sunny Alade Records sílẹ̀. Àwọn onífújì náà ò kẹ̀rẹ̀: Barrister ní Siky-Oluyole, Kollington dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1982. Ṣùgbọ́n Haruna ló tún ṣe èyí tó wú mi lórí jù. Ní 1979, ó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan tó pè ní Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó, kì í ṣe Èkó o, ó sì ra ẹ̀rọ tó lè gba ohùn 24 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú rẹ̀. Ọkùnrin tí àwo rẹ̀ kùtà ní 1948 wá ni ilé tí wọ́n ti ń ṣe àwo ní ìlú ọba tó kọ́kọ́ kọrin kì.

Àkókò yẹn gan-an ni káséètì wọlé dé.

Philips ló ti ṣe káséètì jáde láti 1963, ṣùgbọ́n àfi ìgbà tí owó epo wọ ìlú ní àwọn ọdún 1970, tí gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ra rédíò olókáséètì, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó di ràbàtà ní ilẹ̀ wa. Kò sí ẹni tó lè tẹ àwo sí yàrá rẹ̀. Káséètì, ọmọdé lè dà á kọ. Ó sì yé mi, nítorí pé èmi náà wà lára àwọn ọmọdé náà.

Ní nǹkan bí 1990, mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, èmi ni wọ́n ń rán lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń da orin kọ ní àdúgbò wa. Bàbá á fún mi ní káséètì òfìfo, èyí tó ń gba ìṣẹ́jú 90, pẹ̀lú bébà pélébé tí wọ́n ti to orin tí wọ́n fẹ́ sí. Iṣẹ́ ọ̀gbẹ́ni yẹn ò rọrùn, ẹ má ṣe rò bẹ́ẹ̀. Àwọn olórin wa kì í dá orin dúró nínú àwo ńlá, ojú kan lè jẹ́ bí ogún ìṣẹ́jú láìsinmi, kí wọ́n máa ti orí oríkì ọ̀gá kan bọ́ sórí ìmọ̀ràn, kí wọ́n tibẹ̀ bọ́ sórí ìlù. Bàbá mi kì í fẹ́ gbogbo rẹ̀. "Láti ibi tó ti sọ̀rọ̀ ọmọ títí dé ibi tí gángan ti wọlé." Ọ̀gbẹ́ni náà á fi pẹ́ńsù sàmì sára páálí àwo, á gbé abẹ́rẹ́ lé ojú ìlà yẹn wẹ́rẹ́, kò ní tàsé. Bí wọ́n ṣe ṣe ÌṢÍLÉ nìyẹn: oríkì àwọn olówó tí bàbá mi kò mọ̀ rí, tí wọ́n ń fi kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé yàrá méjì.

Adùn rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ọ̀gbẹ́ni yẹn bá ra àwo kan ṣoṣo, tó dà á kọ fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn, àwo kan ni Star tà, owó àwo kan ni Haruna rí. Àwọn kọ́ńpìnnì ńlá lè fara da á fún ìgbà díẹ̀. Olórin tó yáwó tẹ àwo ara rẹ̀ kò lè fara da á. Àwọn ènìyàn tó fẹ́ràn wọn jù ló sì ń ṣe é, kì í ṣe ọ̀tá. Bàbá mi tó ń fi orin Haruna jí láràárọ̀, n kò rí àwo Haruna kan ṣoṣo nínú ẹrù wọn. Òfin tó ń dáàbò bo orin wà láti 1970, ṣùgbọ́n kò ní eyín. 1988 ni ìjọba ológun gbé èyí tó lágbára díẹ̀ jáde. Haruna kò rí ìyẹn. 1983 ló kú. Nígbà tí a fi máa dé àárín àwọn ọdún 1990, àwo dúdú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ láàárín wa.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà wà, mi ò ní fi pamọ́. Àwo fọ́, ilé jó, òjò wọ inú yàrá tí wọ́n kó àwo sí, àwọn ọmọ olóògbé sì ta á bí ẹni ta páànù ògbólógbòó. Orin wà tó jẹ́ pé inú káséètì àdàkọ bíi ti bàbá mi nìkan ló kù sí. Olè náà ló tún ṣe olùṣọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ÒKÚ ÀGBÀ lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó ń ta àwo àtijọ́ ní Ìbàdàn, mo fẹ́ kó bá mi dárúkọ àwọn olórin inú rẹ̀ kí n lè kọ wọ́n sílẹ̀. Bàbá náà gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ, ó dijú. Kò tíì tó ìlà méjì tó fi ní, "Haruna nìyẹn." Gòjé ké, ó ní, "Yusufu Ọlátúnjí, sákárà. Ará Abẹ́òkúta." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dárúkọ wọn, tí èmi ń kọ ọ́, títí a fi dé orin kan tó kù díẹ̀ kí téèpù tán, ohùn ọkùnrin kan, agídìgbo lábẹ́ rẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn. Bàbá lajú.

"Dá a padà."

Mo dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta la gbọ́ ọ.

"Èyí, n ò mọ̀ ọ́n," ó wí. Ó dákẹ́ títí. "Ọmọ mi, ṣé wàá lè fi káséètì yìí sílẹ̀ di ọ̀la? Mo fẹ́ dà á kọ."

Mo ní kò burú, sà. Ó wá káséètì òfìfo kan jáde lábẹ́ àga, ó fi ẹnu fẹ́ eruku orí rẹ̀, ó mú báírò, ó sì kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà: ÒKÚ ÀGBÀ.