Òfin Ìbọn àti Olè tí ń Sá

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà àtijọ́, ikú ni ìjìyà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀ràn ńlá. Nítorí náà ni òfin fi gbà kí a pa arúfin tí ń sá, bí a kò bá lè mú un. Òfin yìí bá wọn dé Amẹ́ríkà. Ìjìyà ikú kúrò lórí olè jíjà, ṣùgbọ́n ìbọn kò kúrò: èyí ni ó yà wá lẹ́nu.

Ní 1974, ní Memphis, ọlọ́pàá kan yìnbọn pa Edward Garner, ọmọ ọdún 15, bí ó ti ń gun ọgbà sá lọ lóru. Dọ́là 10 àti àpò owó kan ni ó jí. Ọlọ́pàá náà kò rí ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀.

Baba rẹ̀ pe ẹjọ́. Ní 1985, adájọ́ 6 nínú 9 dájọ́ pé a kò gbọdọ̀ pa ẹni tí ń sá, àfi bí ìdí tí ó dájú bá wà láti gbà pé yóò pa ènìyàn tàbí ṣe é léṣe gidigidi. Ó ju ọdún 10 lọ tí baba náà fi dúró.