Ibùdó Ìgbà Òtútù ní Peru, Indiana, àti Ìkún Omi 1913

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún òṣèré tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn: alárìnjó. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn oní-sákọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà mu dáadáa, àmọ́ kò sọ ibi tí alárìnjó ń gbé nígbà tí kò bá rìn. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ká wò lónìí.

Philip Astley, tó ti ṣe ológun ẹlẹ́ṣin rí, ló bẹ̀rẹ̀ eré orí ẹṣin nínú agbo ní London ní 1768. John Bill Ricketts gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní Philadelphia ní 1793. Ní 1825, Joshuah Purdy Brown pa àgọ́ aláṣọ fún un ní Wilmington, Delaware. Látìgbà náà, eré ò dúró de gbọ̀ngàn mọ́. Nígbà tó di 1872, ẹgbẹ́ P. T. Barnum ti ń gbé gbogbo ẹrù wọn rìn lórí ọkọ̀ ojú irin.

Ṣùgbọ́n yìnyín kì í gba àgọ́ láyè. Ẹranko ń fẹ́ ilé tó móoru, ẹṣin ń fẹ́ ibùso, kẹ̀kẹ́ ẹrù ń fẹ́ àtúnṣe. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní ibùdó ìgbà òtútù. Ẹ wò ó o: ohun ìní tó ń fọ́n káàkiri ní ìgbà ẹ̀rùn ni wọ́n wá ń kó jọ sójú kan. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kì í mú díẹ̀. Iná jó ibùdó Barnum ní Bridgeport, Connecticut, ní oṣù Kọkànlá 1887, ọ̀pọ̀ ẹranko sì kú.

Ti Peru ni omi ṣe ní tirẹ̀. Benjamin Wallace gbé sákọ́ọ̀sì jáde níbẹ̀ ní 1884. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890, ó ra ilẹ̀ ibùdó lọ́wọ́ Gabriel Godfroy, ọmọ ìjòyè ẹ̀yà Miami. Ilẹ̀ náà kò jìnnà sí ibi tí odò Mississinewa ti pàdé Wabash. Ilẹ̀ tẹ́jú, omi wà nítòsí. Ohun tó mú un dára náà ló mú un léwu. Ní 1907 Wallace ra sákọ́ọ̀sì Carl Hagenbeck mọ́ tirẹ̀, wọ́n wá ń jẹ́ Hagenbeck-Wallace.

Ní ọjọ́ Àjíǹde, 23 oṣù Kẹta 1913, òjò ńlá bẹ̀rẹ̀ ní àgbègbè náà, kò sì dá fún ọjọ́ mélòó kan. Ilẹ̀ mumi yó, odò kún àkúnya. Ní Dayton, Ohio, èèyàn tó lé ní 300 ló bá a lọ. Ní ibùdó Wallace, erin 8, kìnnìún àti ẹkùn ilẹ̀ Éṣíà 21, àti ẹṣin oníṣẹ́ eré 8 ló kú. Àjànàkú tí a kì í rí ká ní a rí nǹkan fìrí, omi gbé e! Lọ́dún yẹn náà ni Wallace ta ìpín tirẹ̀.

Ohun tó kan èmi onímọ̀ èdè jù níbẹ̀ ni Godfroy. Kó tó kú ní 1910, ó jókòó ti Albert Gatschet àti Jacob Dunn, ó ń sọ èdè Miami fún wọn, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá, kò ku ẹnì kan tó gbọ́ èdè náà láti kékeré. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni David Costa lò nígbà tó kọ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí èdè náà ní 1994, lára wọn sì ni Daryl Baldwin àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi ń kọ́ ọ padà fún ọmọ wọn.

Ilẹ̀ tí Godfroy tà, omi bò ó. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún wọn ò bómi lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ní àgbà nílé, fóònù wà lọ́wọ́ yín: ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀.