Àárò Orin Ìlú Ọba

Ní oṣù kẹrin ọdún 1965, orin tó ń tà jù ní gbogbo Amẹ́ríkà ni ti ọkùnrin kúkúrú kan tó ti fi ìgbà kan rí pín mílíìkì láti ojúlé dé ojúlé ní ìlú Manchester. Freddie Garrity ni orúkọ rẹ̀, Freddie and the Dreamers sì ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ń kọrin, á máa fò sókè bí ọmọ kékeré, á máa ju apá àti ẹsẹ̀ káàkiri, ẹ̀rín ni yóò sì máa pa àwọn òǹwòran. Ọ̀sẹ̀ méjì ni orin rẹ̀ fi wà ní ipò kìíní. Nígbà tó máa kúrò níbẹ̀, ẹgbẹ́ mìíràn láti Manchester, ìyẹn Wayne Fontana and the Mindbenders, ló gba ipò náà. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí, ẹgbẹ́ kẹta láti ìlú kan náà, Herman's Hermits, tún gbà á, wọ́n sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìlú kan ṣoṣo fi jókòó lórí àga náà, ìlú òjò àti ilé iṣẹ́ òwú.

Bí ẹ bá ṣí ìwé ìtàn orin, The Beatles àti The Rolling Stones lẹ ó rí jù níbẹ̀. Àwọn tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ìlà kan tàbí méjì ni wọ́n máa ń rí gbà, bí ẹni pé eré ọmọdé ni wọ́n ṣe. Síbẹ̀, ẹ jókòó ti àgbàlagbà tó jẹ́ ọ̀dọ́ nílùú Ọba nígbà náà, kò ní pẹ́ tí yóò fi dá ọ̀kan nínú orin àwọn aláwàdà wọ̀nyí, tí ojú rẹ̀ yóò sì yí padà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tó mú kí orin tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ wúwo lọ́kàn àwọn tó gbọ́ ọ.

Orin náà fúyẹ́, ṣùgbọ́n ayé tó bí i kò fúyẹ́. Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945, àmọ́ títí di oṣù keje ọdún 1954 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń fi ìwọ̀n pín ẹran fún aráàlú. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1944 ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá kí ìyá rẹ̀ tó lè ra ẹran bó ṣe wù ú. Bí ọmọkùnrin bá sì dàgbà tán, iṣẹ́ ológun ọ̀ranyàn ló ń dúró dè é. Ọdún 1960 ni wọ́n pe àwọn ìkẹyìn síbi iṣẹ́ yẹn. Àwọn àbúrò wọn ló kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbé jìtá dípò ìbọn. Iṣẹ́ wà, owó ọ̀sẹ̀ ń wọlé, ṣọ́ọ̀bù sì ń jẹ́ kí èèyàn san owó jìtá díẹ̀díẹ̀. Rédíò kékeré tó ń lo bátìrì dé, ọmọ sì lè gbé e wọ yàrá rẹ̀ kí bàbá rẹ̀ má gbọ́. Ọmọ òṣìṣẹ́ ni púpọ̀ nínú àwọn tó di olókìkí. Sandie Shaw ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Ford ní Dagenham. Cilla Black ń gba ẹ̀wù òtútù àwọn oníjó pamọ́ ní ilé ijó Cavern ní Liverpool kí ó tó di ẹni tí wọ́n ń jó sí orin rẹ̀.

Níbo ni wọn yóò ti wá gbọ́ orin ọ̀hún? BBC nìkan ló ní àṣẹ rédíò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ àwọn olórin àti àwọn tó ń ṣe àwo orin sì ti bá BBC ṣe àdéhùn pé ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ ni wọ́n lè fi àwo sórí afẹ́fẹ́ lójúmọ́. Ẹ̀rù ń ba àwọn olórin pé bí àwo bá ń kọrin láti àárọ̀ dalẹ́, ta ni yóò tún bẹ olórin lọ́wẹ̀? Nítorí náà, ẹgbẹ́ akọrin rédíò ni yóò máa tún orin àwọn ọ̀dọ́ kọ, á wá dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n bu omi là.

Ọmọ ilẹ̀ Ireland kan tó ń jẹ́ Ronan O'Rahilly ló dá ọgbọ́n sí i. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dé ojú òkun tó jìnnà sí etíkun, ni ó bá gbé ẹ̀rọ rédíò sínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì dá ọkọ̀ náà dúró sójú òkun ní apá ìlà-oòrùn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1964, ní àsìkò ọdún Àjíǹde, Radio Caroline bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn, orin lẹ́yìn orin. Àwọn ọkọ̀ mìíràn tẹ̀lé e. Rédíò ajalèlókun ni wọ́n ń pè wọ́n. Ó lé ní ọdún mẹ́ta kí ìjọba tó rí wọn mú, ọgbọ́n ni wọ́n sì fi mú wọn. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1967 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bá wọn ṣiṣẹ́, láti gbé oúnjẹ lọ fún wọn tàbí láti polówó ọjà lọ́dọ̀ wọn. Bí ìgbà tí wọ́n bá fi ebi lé eku jáde nínú ihò ni. Kò pé oṣù méjì tí BBC fi dá Radio 1 sílẹ̀ fún orin àwọn ọ̀dọ́, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, ohùn àkọ́kọ́ tí wọ́n sì gbọ́ lórí ètò rẹ̀ ni ti Tony Blackburn, tó ti inú ọkọ̀ wọ̀nyẹn wá. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí nìyí: ìjọba lé olè títí, ó wá gba olè síṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Herman's Hermits. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Peter Noone tó ń lé orin fún wọn nígbà tí I'm into Something Good gba ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1964. Ọjọ́ orí mi gan-an nìyẹn, èmi tí màmá mi kì í jẹ́ kí n dá wọ ọkọ̀ dé Ṣágámù. Ní oṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú I'm Henry VIII, I Am. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà rà á bí ohun tuntun. Bẹ́ẹ̀ ọdún 1910 ni orin náà ti wà. Harry Champion ló sọ ọ́ di olókìkí nínú àwọn gbọ̀ngàn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń mu ọtí, tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló wá ń kọ orin tí bàbá bàbá rẹ̀ lè ti jó sí. Lójú tèmi, ìdí kan nìyí tí orin wọ̀nyí fi ń wọni lára: àárò ti wà nínú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà tó ń ṣàárò wọn lónìí, àárò lórí àárò ni wọ́n ń ṣe.

Màmá Àgbà, ìyá màmá mi, wà níbẹ̀ nígbà tó ń ṣẹlẹ̀. Ọdún 1963 ni wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ẹ̀bá Manchester, wọ́n sì padà sí Abẹ́òkúta ní 1970. Àpótí kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn tí àwo orin kékeré mẹ́rìnlélógún wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni mo fi jókòó tì wọ́n, mò ń béèrè, wọ́n ń sọ. Iye owó àwo kan lé ní ṣílè mẹ́fà, nítorí náà ẹyọ kan lóṣù ni agbára wọn ká lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi owó ránṣẹ́ sílé. Wọ́n ní àwọn nọ́ọ̀sì á pé jọ sí yàrá ẹnì kan, wọ́n á bọ́ bàtà iṣẹ́, wọ́n á máa fò bíi Freddie títí ẹni tó wà nísàlẹ̀ yóò fi máa lu àjà.

Sátidé kejì ni wọ́n sọ èyí tó kù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kúrò ní ilé àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n wá yàrá kiri. Ìwé wà lójú fèrèsé ilé mélòó kan pé wọn kò gba aláwọ̀ dúdú. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà kan tí kò sí ìwé, wọ́n ń gbọ́ orin Freddie láti inú ilé. Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn ṣì ń rẹ́rìn-ín orin náà bọ̀. Bó ti fojú kàn wọ́n, ẹ̀rín náà kú. Kò sì sí òfin tó mú un. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1965 lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ aláwọ̀ dúdú kan ilé ọtí, ilé oúnjẹ àti irú ibi bẹ́ẹ̀. Kò kan ilé gbígbé, kò sì kan iṣẹ́. Ó di 1968 kí wọ́n tó ṣe òfin mìíràn tó kan méjèèjì.

Àwọn àwo yìí ti fa àríyànjiyàn nínú ẹbí wa. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin, tí wọ́n bí sí Manchester, kì í fẹ́ gbọ́ wọn rárá. Wọ́n ní, “Màmá, orin àwọn tó tilẹ̀kùn mọ́ yín lẹ̀ ń jó sí yìí.” Màmá Àgbà dá wọn lóhùn pé, “Freddie kọ́ ló tilẹ̀kùn mọ́ mi. Òun ló bá mi jókòó lálẹ́ ọjọ́ náà.”

Ẹ̀gbọ́n màmá mi jàre lórí ohun kan. Nínú àwọn fíìmù ìrántí ìgbà yẹn, síkẹ́ẹ̀tì kúkúrú àti ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi hàn wá. Wọn kì í sábà ya fèrèsé wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn méjèèjì kò mẹ́nu bà: àwọn aláwọ̀ dúdú wà nínú orin náà fúnra rẹ̀. Àwo tó họ jù nínú àpótí Màmá Àgbà ni My Boy Lollipop, tí Millie Small kọ ní 1964. Ọmọ Jamaica ni, kò tíì pé ogún ọdún nígbà náà. Ipò kejì ni orin rẹ̀ dé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Chris Blackwell tó mú un wá sí London ló ni Island Records, orin yìí sì wà lára ohun tó gbé ilé iṣẹ́ náà dìde kí ó tó gbé Bob Marley jáde fún aráyé.

Ti Jimmy Scott-Emuakpor sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Nàìjíríà ni, ìlù kọ́ńgà ló ń lù ní àwọn ilé ijó London. Ẹnu rẹ̀ ni Paul McCartney ti gbọ́ gbólóhùn tó fi ṣe orin Ob-La-Di, Ob-La-Da ní 1968. Àwọn kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé èdè Yorùbá ni. Èmi tí mò ń kọ Yorùbá yìí kò mọ ọ̀rọ̀ wa tó jọ ọ́; ọmọ Urhobo sì ni Scott. Ó béèrè ìpín tirẹ̀ lórí orin náà. McCartney ní gbólóhùn lásán ni, Scott kọ́ ló kọ orin. Nígbà tó yá, ó sanwó fún un, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, ẹgbẹ́ kan láti Scotland, Marmalade, tún orin náà kọ, wọ́n sì gba ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo rò pé ó yẹ kí orúkọ Scott wà nínú ìwé ìtàn tí a ń kà ní kíláàsì. Ó ṣe tán, a mọ̀ pé ọbabìnrin fún The Beatles ní oyè MBE ní 1965, tí inú bí àwọn kan débi pé wọ́n dá tiwọn padà. Mélòó nínú wa ló mọ̀ pé I.K. Dairo ti gba oyè kan náà ní 1963 nítorí orin jùjú?

Ẹni tó ń gbọ́ orin ló ń ṣàárò rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́ nígbà gbogbo. Sandie Shaw dúró láìwọ bàtà ní Vienna ní 1967, ó sì gba ìdíje orin Eurovision fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà àkọ́kọ́ pẹ̀lú Puppet on a String. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò fẹ́ràn orin náà rárá. Àwọn tó rà á kò bá a jiyàn. Wọ́n ṣáà ń kọ ọ́ lọ.

Gerry Marsden ní tirẹ̀ fẹ́ràn èyí tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Orin mẹ́ta àkọ́kọ́ tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Gerry and the Pacemakers, gbé jáde ní 1963 ló gba ipò kìíní. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ orin ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀kẹta, You'll Never Walk Alone, jẹ́ orin inú eré orí ìtàgé Amẹ́ríkà kan láti 1945, òun sì ni àwọn alátìlẹ́yìn Liverpool gbé lọ sí pápá bọ́ọ̀lù, tí wọn kò gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́. Gerry kú ní oṣù kìíní ọdún 2021. Nílé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé Màmá Àgbà, àwọn ọmọkùnrin aláṣọ pupa máa ń fi ohùn rara kọ ọ́ bí Liverpool bá gbá wọlé. Mo bi ọ̀kan nínú wọn bóyá ó mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ fún wọn ní Liverpool. Ó ní, “Ṣé kì í ṣe Klopp?” Màmá Àgbà wà nínú ilé, wọ́n ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Wọ́n tẹ́tí sí orin náà fún ìgbà díẹ̀. “Àdùkẹ́,” wọ́n ní, “sọ fún wọn pé wọ́n ń sáré jù.”