Ọjọ́bọ̀ Kan Létí Odò Yemoji

Àfẹ̀mọ́júmọ́, 19 oṣù karùn-ún, 1892. Igbó ṣú. Ọ̀nà tó wá láti Ẹ̀pẹ́ tóóró, ẹnì kan ń tẹ̀lé ẹnì kan. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott ló ṣíwájú ogun. Hausa tó ń jà fún òyìnbó ló pọ̀ jù. Gbogbo wọn kò tó 1,000. Alárù ru àpótí ọta. Ìrì ara ewé ń rẹ wọ́n láṣọ.

Òwúrọ̀. Odò Yemoji rèé, Ìmagbọ̀n wà lódìkejì. Ìjẹ̀bú ti lúgọ sẹ́yìn igi, wọ́n pọ̀ ju àwọn tó ń bọ̀ lọ fíìfíì. Ìbọn Snider wà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe ṣakabùlà lásán.

Ìbọn dún. Èéfín bo omi. Àwọn Hausa dúró. Wọ́n ti gbọ́ pé Ìjẹ̀bú rúbọ sí odò yìí, ẹsẹ̀ wọn kò fẹ́ kan omi.

Ìyálẹ̀ta. Ogun Scott gbé ìbọn Maxim kalẹ̀. Irú rẹ̀ kò sí ní Ìjẹ̀bú. Ìgbànú ọta ń wọlé lápá kan, ó ń jáde ní òfìfo lápá kejì. Ẹni tó yin Snider gbọ́dọ̀ ṣí i, kó yọ èèpo ọta, kó ki òmíràn. Kó tó ṣe bẹ́ẹ̀ tán, Maxim ti tu bí 50.

Ọ̀sán. Wọ́n ti sọdá. Ìmagbọ̀n ti bọ́. Òkú Ìjẹ̀bú wà nínú igbó, kò sẹ́ni tó kà wọ́n pé.

Ọjọ́ kejì, Scott wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Awùjalẹ̀ Túnwáṣe wà láàfin.

Owó bodè ló fa ogun yìí. Ìjẹ̀bú ló ni ọ̀nà kan láàárín Èkó àti òkè, oníbodè wọn ló ń gbowó. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn, ní Èkó, ìjọba Gómìnà Carter ti ṣèlérí £500 lọ́dọọdún kí bodè lè kúrò. Nígbà tí Ìjẹ̀bú dá òyìnbó ajíhìnrere kan padà lọ́nà, Carter ní wọ́n ti yẹ àdéhùn.

Bodè kúrò lóòótọ́. Kò pé 30 ọdún, ìjọba òyìnbó kan náà bu owó orí lé Ìjẹ̀bú. Owó gbígbà kọ́ ni òyìnbó kórìíra, ẹni tó ń gbà á ni. Ẹni tó ru ẹrù kọjá ló ń san owó bodè. Owó orí bá àgbẹ̀ tí kò kúrò lóko, bóyá kòkó tà tàbí kò tà. Àwọn mìíràn fi ọmọ wọn ṣe ìwọ̀fà kí wọ́n tó rí i san.