Ọjọ́ Kan ní Àgbádárìgì, Ìlú Ìdúró

Ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn kọjá ọ̀sà Àgbádárìgì kì í gbéra bí kò bá tíì kún. Àwa mẹ́ta la kọ́kọ́ dé etí omi ní ọjọ́ Sátidé yẹn. A dúró. Ìyá kan tó ti ta ẹja rẹ̀ tán gbé agbọ̀n òfìfo dé, òun náà jókòó. Ọmọdé méjì dé. Ọ̀kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù rẹ̀ lóòrèkóòrè, ni atukọ̀ bá rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ fara balẹ̀ o. Omi ò ní sá lọ."

Ọ̀rọ̀ náà pa wá lẹ́rìn-ín, àmọ́ kò kúrò lọ́kàn wa títí a fi délé. Tí ẹ bá bi wá lónìí pé kí ni ìtàn Àgbádárìgì dá lé, a máa ní ìdúró ni.

Ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkó ni Àgbádárìgì wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Sẹ̀mẹ̀ àti orílẹ̀-èdè Benin. Ọ̀kan ni nínú ẹkùn márùn-ún tí ìpínlẹ̀ náà ní. Òun ni "B" tó wà nínú IBILE. Ilẹ̀ àwọn Ògù ni, àwọn tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Ègùn, àwọn Yorùbá náà sì ń gbé láàárín wọn. Téèyàn bá ti bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Máìlì Tù àti Ọkọ́kọmaikò, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n dín ohùn rédíò kù: igi àgbọn lọ́tùn-ún lósì, àwọ̀n tí wọ́n sá sóòrùn, ọ̀sà tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Gbogbo nǹkan rọra ń lọ.

Ká tó dé etí omi, a ti kọ́kọ́ yà sí ilé Sẹ́ríkí Williams Abass. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí. Yàrá 40 ni wọ́n ní ó wà níbẹ̀ láyé ọjọ́un. A wọ ọ̀kan. Àwa mẹ́ta péré la wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ooru mú wa láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó ń mú wa kiri ní kí a fojú inú wò ó bí ogójì èèyàn bá wà níbẹ̀. A ò lè fojú inú wò ó. Sẹ́ríkí fúnra rẹ̀, ọmọ Ìjọgà ni. Wọ́n mú un lẹ́rú láti kékeré, ó dé Brazil, ó padà wá, ó sì di ẹni tó ń ta èèyàn, lẹ́yìn náà ó di olóyè ńlá. Ọdún 1919 ló kú. Sàréè rẹ̀ wà nínú ọgbà náà.

Kí ni àwọn tó wà nínú yàrá yẹn ń ṣe? Wọ́n ń dúró de ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ òkun tiwọn náà kì í gbéra bí kò bá tíì kún.

Nígbà tí ọkọ̀ tiwa kún, ó gbé wa kọjá sí Gbẹ̀rẹ̀fù. A fẹsẹ̀ rìn nínú iyanrìn, a kọjá lára kànga kan tí wọ́n ní wọ́n ń fún ẹrú mu omi rẹ̀ kí ó lè gbàgbé ilé, títí a fi dé etíkun tí wọ́n ń pè ní ibi tí kò sí àbọ̀. Òkun ń hó, atẹ́gùn ń fẹ́, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa.

Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ àwọn tí òkun yìí gbé lọ, a mọ ẹnì kan tó padà wá. Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn. Kì í ṣe Àgbádárìgì ló gbà lọ o, Èkó ni. Ní 1822, ọkọ̀ ojú ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ àwọn Potogí tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ó kàwé, ó di Samuel Ajayi Crowther, wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní 1843. Ní oṣù January 1845, òun, Henry Townsend àti Charles Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, nítorí pé Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ti fẹ́ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ìròyìn tó pàdé wọn ni pé Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ọ̀nà dí. Ogun wà lójú ọ̀nà.

Wọ́n dúró. Nǹkan bí oṣù méjìdínlógún.

Ní ọ̀sán, lẹ́yìn tá a padà láti Gbẹ̀rẹ̀fù, a gun ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nárì tó wà létí ọ̀sà, èyí tí wọ́n parí ní 1845, tí wọ́n sì ń pè ní àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Lásìkò ìdúró yẹn, Crowther ń wàásù ní Yorùbá, ó sì ń bá iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì lọ. Ìwé Róòmù jáde ní 1850. Odindi Bíbélì parí ní 1884. Nígbà tí ọ̀nà là ní 1846, ó dé Abẹ́òkúta ní oṣù August. Kò tó oṣù kan tó débẹ̀ tó fi rí Àfàlà, ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n.

A ò sọ pé ìwé kíkọ san gbèsè ẹrú o. Kò sí ohun tó lè san án. Ohun tá a rí ni pé ìdúró ju ìdúró lọ. Ẹni tó wà nínú yàrá Sẹ́ríkí ń dúró, ẹlòmíì ló mú kọ́kọ́rọ́ dání. Crowther náà ń dúró, àmọ́ kálámù wà lọ́wọ́ tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi mọ orúkọ ìyá rẹ̀ títí dòní, tá ò sì mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó wà nínú yàrá yẹn. Wọ́n lórúkọ. Ẹnì kan ti sọ wọ́n lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, ó fi oyin àti iyọ̀ sí wọn lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni àwa ń ṣe jẹun. Kíákíá ni wọ́n fi kọ́ wa. Àwa gan-an la máa ń sọ pé àmì ohùn ń fa ọwọ́ sẹ́yìn, pé bí a bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, ó ti yé èèyàn náà. Ọdún 1875 ni wọ́n ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bó ṣe yẹ kí á máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Nǹkan tí wọ́n jókòó rò pẹ̀lú sùúrù, àwa ń fò ó kọjá torí ìṣẹ́jú àáyá méjì.

Ká tó jáde nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, wọ́n gbé ìwé àlejò síwájú wa. A kọ orúkọ wa, a sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú wa dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó padà sókè. A rò pé ó gbàgbé nǹkan ni. Nígbà tá a lọ wò ó, ó ti gba bírò lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ìwé náà, ó ń fi àmì sórí orúkọ ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi tó sábẹ́ tiwa náà.

A dúró dè é.